Wọ́n Ra Iléeṣẹ́, Ìwé Ta Ló Yí Padà?

  Ọ̀rọ̀ ìṣirò owó ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má pa rédíò o. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ewékorò gan-an ló dá lé lórí.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2025, Huaxin, iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ Ṣáínà tó fi ìlú Wuhan ṣe ibùjókòó, gba gbogbo ìpín tí Holcim, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Switzerland, ní nínú Lafarge Africa, iléeṣẹ́ tó ni sìmẹ́ǹtì Ewékorò. Ìdá 83.81 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìpín náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n ti kéde àdéhùn ọ̀hún, bílíọ̀nù kan dọ́là sì ni wọ́n fi díwọ̀n gbogbo iléeṣẹ́ náà lódindi. Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè ti ń jà rànyìn láàárín wa. Ṣé ìwé tuntun ni wọ́n máa ṣí ní Ewékorò báyìí? Gbèsè àtijọ́ ńkọ́? Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ kan tí kò tíì rí gbà, ta ni yóò lọ bá? Bílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ń pariwo yẹn, àpò ta ló bọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn, kí n tó ṣàlàyé. Kọ́bọ̀ kan kò yí padà nínú ìwé iléeṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà nítorí pé ẹni tó ni ín yí padà. Ìwé tó yí padà wà ní Wuhan. Owó náà pàápàá kò gba Ewékorò kọjá. Ohun tí Holcim tà, tirẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ méjì nílẹ̀ òkèèrè ló ń bá a di ṣíà náà mú: Caricement ní Netherlands tó mú ìdá 56.04, àti Associated International Cement ní ìlú Ọba tó mú ìdá 27.77. Ẹni tó tajà ló gbowó ọjà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ọdún 1959 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ yìí sílẹ̀, tí wọ́n pè é ní West African Portland Cement Company, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí WAPCO. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ UAC wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó oní-sìmẹ́ǹtì tí a mọ̀ sí Blue Circle náà wà níbẹ̀. Ọdún 1960 ni Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì, Ṣágámù tẹ̀ lé e ní 1978, nígbà tó sì di 1979, ṣíà rẹ̀ dé ọjà tí ará ìlú ti lè rà á. Ní 2001, Lafarge ilẹ̀ Faransé ra Blue Circle. Ní 2015, Lafarge àti Holcim ti ilẹ̀ Switzerland di ọ̀kan. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń rà tí wọ́n ń tà á lókè yìí, iléeṣẹ́ kan náà ni lójú òfin Nàìjíríà. Orúkọ ló ń yí, láti WAPCO di Lafarge WAPCO, láti ibẹ̀ di Lafarge Africa ní 2014. Ẹni tó jẹ gbèsè ní àná ló jẹ ẹ́ lónìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni bí olùrà ṣe ń kọ ohun tó rà sínú ìwé tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni: o san iye báyìí, o kọ iye báyìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Bí iléeṣẹ́ ìyá bá ti ní agbára láti darí iléeṣẹ́ ọmọ, ó gbọ́dọ̀ gbé ìwé kan jáde tó pa gbogbo ẹbí pọ̀, bí ẹni pé iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n. Nínú ìwé àpapọ̀ yẹn, a kò gbọdọ̀ rí ìlà kan tó kàn sọ pé “mo ní ṣíà ní Nàìjíríà.” Ilẹ̀, ẹ̀rọ, sìmẹ́ǹtì inú ilé ìpamọ́, gbèsè báńkì, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ hàn níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kékeré ṣe é. Ká ní iléeṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta tó ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì fẹ́ ra ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan ní Wásinmi. Mílíọ̀nù 60 náírà ni wọ́n jọ ṣe é sí. Àwòṣe lásán ni o, ẹ má wá iléeṣẹ́ náà káàkiri.

Ìwé iléeṣẹ́ búlọ́ọ̀kù náà sọ pé ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5, nítorí iye tó rà á nìyẹn ní 2010. Ẹ̀rọ ìtẹ búlọ́ọ̀kù àti típà rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 30. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sílẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì tí wọn ò tíì lò jẹ́ mílíọ̀nù 12. Àwọn kọngílá tó kó búlọ́ọ̀kù láwìn jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù 10. Mílíọ̀nù 5 wà ní báńkì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 62. Òun náà jẹ báńkì ní mílíọ̀nù 20. Tí a bá yọ gbèsè kúrò, ó ku mílíọ̀nù 42.

Olùrà kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà wọ̀nyẹn bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìṣirò owó tí ayé ń lò, tí Nàìjíríà náà ti mú lò fún àwọn iléeṣẹ́ inú ọjà ṣíà láti 2012, IFRS ni wọ́n ń pè é. Ìlànà kẹta nínú rẹ̀ ló dá lórí ìrà iléeṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé ní ọjọ́ tí agbára bọ́ sí ọ lọ́wọ́ gan-an, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, kó o díye lé gbogbo nǹkan lọ́tun, ní iye tí wọ́n tó lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wo Huaxin: oṣù kejìlá 2024 ni àdéhùn, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ 2025 ni ọjọ́ tí ìṣirò rẹ̀ so mọ́.

Nítorí náà, adíyelé dé Wásinmi. Ó wo ilẹ̀, ó ní mílíọ̀nù 25 ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ báyìí. Ó wo ẹ̀rọ, ó ní wọ́n ti gbó ju bí ìwé ṣe sọ lọ, mílíọ̀nù 28 ni. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì dúró síbi 12. Ó yẹ ìwé àwọn kọngílá wò, ó rí ọ̀kan tó ti sá lọ, ó gé 10 sí 8. Owó báńkì jẹ́ 5 síbẹ̀. Àpapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 78. Ó wá kan gbèsè. Mílíọ̀nù 20 ti báńkì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tí ìwé àtijọ́ kò kọ: òṣìṣẹ́ kan fara pa lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ ti ń sọ pé ẹjọ́ náà kò lè dá òun lẹ́bi, ìdí nìyẹn tí kò fi kọ ọ́. Adíyelé ní tí a bá wo bí ẹjọ́ náà ṣe lè lọ, mílíọ̀nù 3 ni kí ẹ gbé lé e. Gbèsè di 23. Yọ 23 kúrò nínú 78, ó ku mílíọ̀nù 55.

Wàyí o, mílíọ̀nù 55 yìí kì í ṣe ti olùrà nìkan. Ìdá 20 ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ìdá 20 nínú 55 jẹ́ mílíọ̀nù 11. Ìwé àpapọ̀ yóò gbé gbogbo ohun-ìní náà wọlé ní kíkún, kì í ṣe ìdá 80 rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kọ mílíọ̀nù 11 sí abẹ́ orúkọ àwọn onípìn-ín kékeré, kó lè hàn gbangba pé ti ẹlòmíràn wà nínú ohun tí a kó jọ. Fi 11 yẹn kún mílíọ̀nù 60 tí olùrà san, ó di 71. Ohun tí a lè nawọ́ sí jẹ́ 55. Mílíọ̀nù 16 ló lé.

Mílíọ̀nù 16 yẹn ni àwọn akáúńtáǹtì ń pè ní goodwill. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Orúkọ rere ni, àwọn oníbàárà tó ti mọ́ lára, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, àti ìrètí pé ìyá àtọmọ á jọ jèrè ju bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ìbá ṣe jẹ lọ. Ká ní olùrà tẹ̀ lé ìwé àtijọ́ tó sọ pé 42 ni, ohun tí yóò lé ìbá tó mílíọ̀nù 26 àti díẹ̀, á sì rò pé afẹ́fẹ́ lòun fowó rà, nígbà tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gidi ní Wásinmi. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Ìdíyelé lọ́tun kì í ṣe ọgbọ́n orí àwọn akáúńtáǹtì. Òun ló ń sọ fún wa ohun tí owó rà gan-an.

Tó bá jẹ́ pé mílíọ̀nù 40 péré ni ó san ńkọ́? 40 pẹ̀lú 11 jẹ́ 51, tí kò tó 55. Ó rà á ní pọ́ọ́kú nìyẹn. Ìlànà ní kó padà lọ tún gbogbo ìdíyelé yẹ̀ wò ná, bóyá ó gbàgbé gbèsè kan. Bí kò bá sí, mílíọ̀nù 4 yẹn di èrè fún un lójú ẹsẹ̀. Owó lọ́yà àti ti àwọn tó yẹ ìwé wò ṣáájú ìrà, ìnáwó ọdún náà ni. Kò gbọdọ̀ fi kún iye tó rà á.

Goodwill kì í gbó bí ẹ̀rọ. Lábẹ́ IFRS, wọn kì í gé e lọ́dọọdún. Ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá iléeṣẹ́ ọmọ ṣì lè pa owó tó gbè é lẹ́sẹ̀. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n á gé e, èyí tí wọ́n bá sì ti gé kò lè padà wọlé mọ́ láé. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé iléeṣẹ́ ńlá kan pàdánù bílíọ̀nù rẹpẹtẹ nínú ọdún kan láìjẹ́ pé olè jà á, ẹ wo goodwill rẹ̀ ná.

Ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì: òwò láàárín ẹbí. Ìyá kò lè ta ẹ̀kọ fún ọmọ inú ilé rẹ̀ kó wá sọ fún ará àdúgbò pé ọjà tà. Bí iléeṣẹ́ Abẹ́òkúta bá ta sìmẹ́ǹtì mílíọ̀nù 7 fún ti Wásinmi, mílíọ̀nù 7 yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé àpapọ̀, pẹ̀lú èrè tó wà lórí sìmẹ́ǹtì tí wọn kò tíì fi tẹ búlọ́ọ̀kù. Bí a kò bá yọ ọ́, ẹbí iléeṣẹ́ lè máa ta ọjà yípo láàárín ara wọn, kí wọ́n máa jọni lójú fún báńkì, láìsí oníbàárà kan láti ìta.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ewékorò. Ohun tí Huaxin gbà ju Ewékorò nìkan lọ: Ṣágámù wà níbẹ̀, Àṣàkà ní ìpínlẹ̀ Gombe wà níbẹ̀, Mfamosing ní Cross River náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbára láti ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 10.6 lọ́dún. Ẹ̀rọ Lákátabú tí wọ́n ṣí ní Ewékorò ní 2011 ní iye kan nínú ìwé Nàìjíríà, ìyẹn iye tí wọ́n fi kọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ti gbígbó rẹ̀. Ìwé Wuhan kò ní gba nọ́ńbà yẹn. Ohun tí yóò béèrè ni pé kí ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó lónìí. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa ló tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Ìwé Nàìjíríà ń gbé owó tí wọ́n ná láti gba ẹ̀tọ́ ìwakùsà. Ìwé olùrà yóò béèrè pé tọ́ọ̀nù mélòó ló kù, ọdún mélòó la ó fi wà á, èló ni yóò mú wá. Orúkọ Elephant tó wà lára àpò sìmẹ́ǹtì, tí kò sí ní ìlà kankan nínú ìwé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a sílẹ̀, di ohun-ìní tí a lè díye lé nínú ìwé ẹni tó rà á.

Ìdá 16.19 tó kù, ti àwọn ẹlòmíràn ni, tó fi mọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ra ṣíà WAPCO láyé ọjọ́un. Nínú ìwé Huaxin, ẹ̀yin ni onípìn-ín kékeré. Yuan ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà, nítorí náà bí náírà bá já wálẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa Nàìjíríà níbẹ̀, tó fi mọ́ goodwill, á já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bí iṣẹ́ Ewékorò tilẹ̀ ń lọ déédéé.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé gbogbo ìgbà tí iléeṣẹ́ bá ra iléeṣẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ẹ rántí 2014. Lafarge WAPCO gba iléeṣẹ́ Lafarge tó wà ní South Africa, ó gba ìdá 58.61 nínú Àṣàkà, ó gba ìdá 35 nínú iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Unicem àti gbogbo iléeṣẹ́ Atlas Cement. Ó san mílíọ̀nù 200 dọ́là, ó sì fi ṣíà tuntun tó tó bílíọ̀nù 1.4 kún un. Ọwọ́ Lafarge ilẹ̀ Faransé ni gbogbo wọn wà ṣáájú, ọwọ́ Lafarge ilẹ̀ Faransé náà ni wọ́n ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni kan ló ń tà, tó tún ń rà. IFRS 3, ìlànà kẹta yẹn, kò dé ọ̀dọ̀ irú òwò bẹ́ẹ̀. Iye tó wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé wá, kò sí goodwill tuntun, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí wọ́n san àti iye ìwé sì bọ́ sínú owó àwọn onípìn-ín. Ó dára bẹ́ẹ̀, ní tèmi. Bí bàbá kan bá lè gbé ohun-ìní láti ọwọ́ ọmọ kan sí ọwọ́ èkejì, kó sì fi bẹ́ẹ̀ dá iye tuntun sílẹ̀, kí ni yóò dá a dúró?

Lẹ́yìn náà, wọ́n ń ra ṣíà Àṣàkà kún un lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín kékeré, títí Àṣàkà fi kúrò lọ́jà ṣíà ní 2017. Ìyẹn náà kò dá goodwill sílẹ̀. Ẹni tó ti ń darí iléeṣẹ́ kò tún lè gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ti Huaxin yàtọ̀. Òótọ́ ni pé Holcim ní ìpín tó súnmọ́ ìdá 42 nínú Huaxin fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé ó tà á fún ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Holcim kì í ka Huaxin mọ́ àwọn iléeṣẹ́ ọmọ rẹ̀, kò sì ń dá nìkan darí rẹ̀. Ìrà gidi ni, ìdíyelé gidi ló sì yẹ ẹ́. Ìlànà fún olùrà ní àkókò tí kò ju ọdún kan lọ láti parí ìdíyelé náà, kó sì tún ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí gidi ni ti gbèsè. Ẹ rántí ẹjọ́ òṣìṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ní ọjọ́ lásán, iléeṣẹ́ kì í kọ ẹjọ́ sínú gbèsè àfi tó bá dà bí ẹni pé owó yóò jáde lóòótọ́. Ní ọjọ́ ìrà, òfin le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ojúṣe bá ti wà nílẹ̀, tí a sì lè díye lé e, olùrà gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kódà bí kò bá dájú pé wọ́n á san án. Kúárì tí wọ́n wà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́jọ́ kan. Ojúṣe nìyẹn, gbèsè ni. Àgbẹ̀ tó ní ẹ̀tọ́ lórí oko rẹ̀ tí kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rí, ẹnu lásán ló fi ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ìwé ṣiṣẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò parẹ́ nítorí pé iléeṣẹ́ yí olówó padà, nítorí iléeṣẹ́ kan náà ni. Ẹ kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣíà, bí ìwé ìròyìn ọdọọdún bá dé, ẹ má dúró síbi àwòrán àwọn ọ̀gá. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn ìwé, níbi àlàyé nípa owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ilẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ọdún yìí wé ti èṣí. Bó bá dín kù nígbà tí kòtò kúárì ń jìn sí i, ẹ nawọ́ sókè ní ìpàdé ọdọọdún, kẹ́ ẹ béèrè ìdí, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ìbéèrè yín sílẹ̀.